Àwọn Òkú Tó Dúró Wo Ẹyẹ

Ta ló mọ ohun tó bí òwe tí àwọn àgbà etí ọ̀sà máa ń pa pé, "Ẹni tó ń wo ẹyẹ, a kì í kí i"?

Ẹ má pariwo, ọwọ́ ni kí ẹ nà sókè. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, mo rí ọwọ́ rẹ. O ní torí pé ẹyẹ náà lè jẹ́ àjẹ́? Rárá o. Kì í ṣe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ là ń sọ. Ẹyẹ tó ní ìyẹ́, tó ń jẹun nínú ẹrẹ̀, tó ń ṣu sórí ọkọ̀ ojú omi ẹni, òun ni mò ń sọ. Ẹ sún mọ́ mi kí n là á yé yín. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le.

Ìlú kan wà nígbà kan tó ń jẹ́ Ìdí-Ẹ̀gbà. Ibi tí omi ọ̀sà ti ń pàdé omi òkun ló wà. Omi ibẹ̀ kì í ṣe omi iyọ̀ tán, kì í sì í ṣe omi mímu. Igi ẹ̀gbà ló yí i ká, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ga jáde látinú ẹrẹ̀ bíi pé ó ká ṣòkòtò sókè kó má baà tutù. Láàárọ̀, bí òkun bá fa omi rẹ̀ padà, àwọn adágún kéékèèké á ṣẹ́kù káàkiri, wọ́n á máa dán bíi dígí tó fọ́ sílẹ̀.

Orí àwọn adágún wọ̀nyẹn ni ẹyẹ máa ń bà sí. Lékèélékèé á wá, funfun báláú. Àkọ̀ á wá, á máa rìn jẹ́jẹ́ bíi baba onílé tó ń yẹ ilé rẹ̀ wò lẹ́yìn òjò. Òfú á wá, pẹ̀lú àpò ńlá lábẹ́ àgógó ẹnu rẹ̀. Àwọn kéékèèké kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Bí omi bá fà, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e. Bí omi bá padà, wọ́n á sáré sá fún un. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní sú wọn. Èmi fúnra mi ti dúró níbẹ̀ rí, mo sì gbàgbé ohun tí mo bá lọ síbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ará Ìdí-Ẹ̀gbà kò wo àwọn ẹyẹ yìí rí. Kí ló fà á? Kíkí ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ohun tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dúró, a ń kí ẹni tó gẹrun. Ṣùgbọ́n ti Ìdí-Ẹ̀gbà ju ti gbogbo ayé lọ. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí ọ̀sà, àwọn méjèèjì á kí ara wọn láti orí ẹni tó bí wọn dórí ewúrẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa kí ara wọn tán, omi á ti gbé ọkọ̀ kìíní dé ìlú mìíràn. Lọ́jọ́ kan, ilé kan ń jó. Gbogbo ìlú sáré dé ibẹ̀. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń sọ fún onílé lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ kú ewu iná o!" Ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹni tó gbé omi lọ́wọ́, eérú nìkan ló kù tó lè kí.

Òfin méjì ni wọ́n ní nípa ìkíni. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, torí mo máa tún bi yín. Òfin kìíní: ẹni tí ènìyàn mẹ́ta bá kí tí kò dáhùn, òkú ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Òfin kejì: ohun tí ènìyàn kò bá kí, kò rí i.

Òfin kejì yìí ló ba ayé Efúnṣeyì jẹ́.

Efúnṣeyì ti lé ní àádọ́rin ọdún lákòókò tí mò ń sọ yìí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí adágún tó wà lẹ́yìn igi ẹ̀gbà. Níbẹ̀ ló ti rí àwọn ẹyẹ kan tó ga tó òun fúnra rẹ̀, tí ara wọn pupa bí inú gúrọ́bà tó pọ́n. Ẹsẹ̀ wọn gùn bí ọ̀pá ìtukọ̀. Àgógó ẹnu wọn tẹ̀ bíi ṣíbí tí wọ́n ká. Wọ́n sì ń dorí kodò jẹun! Nígbà tí wọ́n la apá wọn, ó ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé tí iná ń jó nínú rẹ̀.

Ọmọ náà sáré wálé, ó ròyìn. Ọlọ́jà ìgbà náà, tó jẹ́ olórí ìlú, bi í pé, "Ṣé o kí wọn?"

Efúnṣeyì ní, "Rárá, bàbá mi ní kí n dákẹ́."

Ọlọ́jà ní, "A jẹ́ pé o ò rí wọn nìyẹn."

Bàbá rẹ̀ ì bá jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ibà ló pa á lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Àwọn ẹyẹ náà kò sì bà sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ta ni yóò bà sí ìlú tí wọ́n ti ń kígbe "Ẹ kú!" láti ìdájí? Láti ọjọ́ náà, bí ọmọdé bá purọ́ ní Ìdí-Ẹ̀gbà, ìyá rẹ̀ á ní, "Gbẹ́nu dání, má gbé ẹyẹ Efúnṣeyì wá síbí." Ṣówándé, ọkọ ọmọ rẹ̀, fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ ìdána. Wọ́n ní kó sọ ohun tó tún kù tó fẹ́. Ó ní, "Ẹ bá mi mú ọ̀kan nínú ẹyẹ Màmá kún un." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti wá darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ohun tí kò bá sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé, kò rí i mọ́. Kò bẹ Ọlọ́run fún ohun mìíràn, àfi kó tún fojú kan ẹyẹ rẹ̀ kí ojú náà tó dí pátápátá, kó má baà kú ní òpùrọ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣówándé jáde lọ wo ìgèrè rẹ̀, ìyẹn agbọ̀n tó fi ń dẹ ẹja. Kò pẹ́ tó fi sáré padà wálé. Kò gbé ẹja kankan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú oorun, ẹ kú àjíǹde, ẹ kú—"

"Ṣówándé, kí ló dé?"

"Wọ́n ti dé, Màmá."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀."

Màmá Efúnṣeyì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Mi ò lè kà wọ́n. Ṣe ni omi náà pupa."

"Ṣé wọ́n ń dorí kodò jẹun?"

"Wọ́n ń dorí kodò jẹun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Màá dárí jì ọ́ tó bá yá. Pọ̀n mí."

Ṣówándé pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó wọ inú ẹrẹ̀. Ó gbé àpótí kan sáàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà, níbi tí omi kò ti ju kókósẹ̀ lọ, ó sì gbé Màmá lé e. Gbòǹgbò bo Màmá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà kò lè rí i. Òun fúnra rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú omi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Màmá ní, "Ibi tí wọ́n wà yẹn jìnnà sí ojú mi. Àwọn ni yóò rìn wá bá wa, a ò lè rìn lọ bá wọn. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, igi ni ọ́. Igi kì í họ ara. Igi kì í yán. Igi kì í wúkọ́."

"Bí ẹnìkan bá kí mi ńkọ́, Màmá?"

"Igi kì í dáhùn."

"Ṣùgbọ́n Màmá, kíkí ni o!"

"Èmi àti kíkí, ta lo fẹ́ràn jù?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, Ṣówándé ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di igi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rí. Àwọn ẹyẹ náà dúró sí òdìkejì adágún, wọ́n fara kan ara wọn bí ìkùukùu tó bà sílẹ̀ láti sinmi. Òjìji wọn wà nísàlẹ̀ wọn nínú omi, pupa ń wo pupa. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jó nínú yàrá tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Wọ́n á tẹ ọrùn wọn sílẹ̀, wọ́n á yí orí wọn po, wọ́n á sì máa sẹ́ omi kọjá lẹ́nu wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń rìn bọ̀. Àádọ́ta ìgbésẹ̀ ló wà láàárín wọn àti Màmá. Ó di ogójì. Ó di ọgbọ̀n.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí akàn kan fi rìn gba orí ẹsẹ̀ Ṣówándé. Ó rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà, ó wù ú, ó sì gbá a mú. Ṣówándé kò mira. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé igi náà ní ẹ̀mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni Òṣìfẹ́sọ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà tó wà lókè adágún. Òṣìfẹ́sọ̀ ni ọ̀gá nínú ìkíni ní Ìdí-Ẹ̀gbà. Igba ìkíni ló mọ̀, kò sì sí èyí tó ń ṣì lò. Igi ẹ̀gbà dí i lójú, kò rí ẹyẹ, kò rí Màmá. Ṣówándé nìkan ló rí, tó dúró gbagidi nínú omi.

"Ṣówándé, o kú àárọ̀ o!"

Kò sí èsì.

"O kú iṣẹ́ o!" Òṣìfẹ́sọ̀ wò ó, kò rí àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. "O kú ìsinmi o! Háà, ẹni tó ń sinmi ha ń dúró sínú omi? O kú ìdúró! O kú ọ̀tútù! O kú ẹ̀fọn!"

Ẹ̀yin ẹ wo Ṣówándé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì sí ìkíni tó wọ etí rẹ̀ tí èsì kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Èsì mẹ́fà ti tò sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ báyìí, wọ́n ń ti ara wọn. Ó gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹyẹ náà gbọ́ ohùn, wọ́n na ọrùn sókè, wọ́n padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Màmá fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀: dúró.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Òṣìfẹ́sọ̀ bi í. Nígbà tí kò tún gbọ́ nǹkan kan, ó káwọ́ lérí, ó sáré wọ ìlú.

Kò pẹ́ tó fi mú ènìyàn méjì mìíràn dé. Ọlọ́jà ni ọ̀kan. Adúnbárìn, ìyàwó Ṣówándé, ni ìkejì.

Ọlọ́jà kí i. Kò dáhùn.

Adúnbárìn ní, "Olówó orí mi, ẹ kú ọjọ́ o." Kò dáhùn. Adúnbárìn tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ wò ó, ó ń sunkún! Òkú ha ń sunkún?"

Òṣìfẹ́sọ̀ ní, "Òkú tuntun ni. Omi ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ."

Ẹ rántí òfin kìíní. Ènìyàn mẹ́ta ti kí i. Ọlọ́jà ṣí fìlà, ó sì kéde pé Ṣówándé ti kú ní ìdúró. Wọ́n gbẹ́ ibojì. Gbogbo ìlú tú jáde sójú ọ̀nà, wọ́n ń kí Adúnbárìn pé, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," òun náà ń dá wọn lóhùn, torí pé ẹ̀kọ́ ilé kò ní jẹ́ kó má dáhùn. Ariwo yẹn ì bá ti lé gbogbo ẹyẹ ayé lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn ti gòkè, afẹ́fẹ́ sì ti ń fẹ́ láti òkun wá sí ilẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí: afẹ́fẹ́ náà gbá gbogbo ariwo wọn padà sínú ìlú. Ohun tó dé etí ẹyẹ kò ju kíkùn oyin lọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀. Ogójì. Ọgbọ̀n. Ogún.

Ọlọ́jà rán ọkùnrin méjì pé kí wọ́n lọ gbé òkú náà wá. Àwọn méjèèjì wọ inú omi, wọ́n ń jiyàn lórí ta ni yóò gbé orí, ta ni yóò gbé ẹsẹ̀. Wọ́n yí igi ẹ̀gbà ká.

Wọ́n dákẹ́.

Àwọn tó wà lókè pè wọ́n: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò sí èsì. Ẹnì kejì kí wọn, ẹnì kẹta kí wọn. Wọ́n dúró gbagidi bíi Ṣówándé, ẹnu wọn là sílẹ̀.

"Wọ́n ti kú," ni Ọlọ́jà wí. "Ẹ gbẹ́ méjì sí i."

Ó rán ènìyàn mẹ́ta. Àwọn náà yí igi ká, àwọn náà dákẹ́. Wọ́n kí wọn títí, wọ́n sì kà wọ́n mọ́ òkú. Òṣìfẹ́sọ̀ bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n kí. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí wọn níwájú wọn." Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ sómi pẹ̀lú igba ìkíni nínú. Wọ́n gbọ́ tó ní, "Ẹ kú—"

Ó tán síbẹ̀. Ọkùnrin tó mọ igba ìkíni wá ọ̀kan ṣoṣo tì.

Ọlọ́jà kígbe. "Adágún yìí ti pa ènìyàn méje láàárín àárọ̀ kan!"

Adúnbárìn nu ojú rẹ̀. "Ọlọ́jà, ẹ má bínú. Ohun tó pa ọkọ mi, màá fi ojú mi rí i." Kó tó di pé wọ́n dì í mú, ó ti yí igi ká. Ìgbà tí òun náà kò dáhùn mọ́, ta ni yóò tún rán ẹlòmíràn? Àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ti ń bèèrè bóyá kí wọ́n kúkú gbẹ́ ẹyọ kan tó fẹ̀. Ni Ọlọ́jà bá fa agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó sì ní kí gbogbo ìlú tẹ̀ lé òun. Bó bá jẹ́ ikú ni, kó pa wọ́n pa pọ̀, kí wọ́n lè rí ara wọn kí lọ́run.

Báyìí ni gbogbo ìlú ṣe yí igi ẹ̀gbà ká, tọkùnrin tobìnrin. Báyìí ni wọ́n ṣe dákẹ́.

Ẹ má bi mí bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe rí. Ìdí-Ẹ̀gbà kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara gbòǹgbò. Wọ́n gbọ́ bí ẹrẹ̀ ṣe ń mí. Wọ́n rí àkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rí òfú, wọ́n rí àwọn kéékèèké tó ń sáré fún omi. Wọ́n wá rí bí àwọn pupa náà ṣe pọ̀ tó, bí ìrọ̀lẹ́ tó wá jókòó sínú omi ní ọ̀sán gangan. Wọ́n sì rí arúgbó kan lórí àpótí láàárín gbòǹgbò.

Lójú àwọn ẹyẹ náà, igbó kan ló hù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ kì í sá fún igbó. Wọ́n ń rìn bọ̀. Mẹ́wàá. Márùn-ún. Nígbà tó yá, ọ̀kan yà kúrò nínú àwọn yòókù, ó sì rìn wá síwájú Màmá Efúnṣeyì. Ó dúró níbi tí ọwọ́ lè nà dé. Ó fi ojú rẹ̀ tó pọ́n bí epo wò ó. Ó yí orí rẹ̀ po, ó dorí kodò, ó sì ń jẹun lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá tẹjú mọ́ ọn, àgógó ẹnu tó tẹ̀, ọrùn gígùn, ìyẹ́ tó rí bí inú gúrọ́bà. Ètè rẹ̀ mì, kò mú ohùn jáde. Ṣówándé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó sọ. Ó ní, "Bàbá mi, ó ṣì wà."

Ì bá dáa ká fi í sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́jà wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi ro ti Ọlọ́jà. Olórí ìlú ni. Àwọn àlejò tó pọ̀ tó báyìí ti wọ ìlú rẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń jẹun nínú omi rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún wọn pé káàbọ̀! Ìtìjú bá a. Ìkíni dìde nínú rẹ̀, ó tì í padà. Ó tún dìde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí àpò òfú. Adúnbárìn fi ojú bẹ̀ ẹ́. Òṣìfẹ́sọ̀ pàápàá mi orí sí i pé rárá. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Ẹ̀YIN ÀLEJÒ WA, Ẹ KÁÀBỌ̀ O!"

Ẹ mọ̀ pé bí Ọlọ́jà bá ti kí ènìyàn, gbogbo ìlú ló gbọ́dọ̀ kí i. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú omi. Gbàà! "Ẹ KÚ ÀJÒ O!"

Ẹyẹ gbogbo gbéra. Wọ́n la apá, abẹ́ apá náà sì pupa bí ẹ̀yinná, dúdú sì wà ní etí rẹ̀. Ojú ọ̀run ràn. Ìmọ́lẹ̀ pupa hàn lójú omi, ó hàn lára agbádá Ọlọ́jà, ó hàn nínú ojú Màmá Efúnṣeyì tó ti ń ṣú, nítorí pé iná tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ pàápàá rí i. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan lókè, wọ́n sì gba orí òkun lọ.

Gbogbo ìlú wà lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń wo òkè. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọlọ́jà, ta lẹ kí yẹn?"

"Àwọn... àwọn ẹyẹ ni, Màmá."

"Ẹyẹ wo?"

"Àwọn pupa. Elẹ́sẹ̀ gígùn."

"Tó ń ṣe báwo jẹun?"

Ọlọ́jà gbé ojú sílẹ̀. "Tó ń dorí kodò jẹun."

"Òfin kejì ńkọ́? Ẹ bá mi kà á."

Òfin wo ni òfin kejì? Ẹ dáhùn. Ó dáa, ẹ gbọ́n. Ohun tí ènìyàn kò bá kí, kò rí i. A jẹ́ pé ohun tó bá kí, ó rí i. Ọlọ́jà sì ti kí wọn, gbogbo ìlú ti kí wọn, ọmọ tuntun kan tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pàápàá ti sunkún kí wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ láéláé pé ẹyẹ Efúnṣeyì kò sí. Ọlọ́jà ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dì í mú sí àyà.

"Màmá, ẹ kú ìrírí," ló wí. "Ẹ má bínú. Ó pẹ́ ká tó kí yín."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan orí Ṣówándé. "Mo ti dárí jì ọ́. O lè má jẹ́ igi mọ́."

"YÉÈÈÈ!" Ṣówándé gbé ẹsẹ̀ sókè, akàn náà ń fì dirodiro lórí rẹ̀. "Òṣìfẹ́sọ̀, o kú àárọ̀! Mi ò ṣiṣẹ́! Mi ò sinmi! Ìdúró dúpẹ́, ọ̀tútù dúpẹ́, ẹ̀fọn ti yó! O ò ṣẹ̀ mí! Adúnbárìn, mo kí ẹ o! Ẹ bá mi mú akàn yìí!"

Ìyàwó rẹ̀ bá a mú akàn náà, ó ní, "Ẹ̀yin òkú yìí, ẹ jẹ́ kí n fi í se ọbẹ̀ fún yín."

Ọ̀ràn kan ṣì kù. Gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní, gbogbo ìlú ló ti kú láàárọ̀ náà, torí pé kò sí ẹni tó dáhùn kíkí ẹnìkejì rẹ̀. Ta ni yóò sin ta? Nígbà tí wọ́n rò ó títí tí wọn kò rí ẹni tó wà láàyè, Ọlọ́jà yí òfin padà. Òṣìfẹ́sọ̀ wá ìkíni tuntun fún ẹni tó bá ń wo ẹyẹ. Ó mú "Ẹ kú ojú" wá, ó mú "Ẹ kú ìwòye" wá, ó mú mẹ́tàlá wá. Màmá Efúnṣeyì kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá ń wo ohun tó tóbi ju ẹnu lọ, ìkíni rẹ̀ ni pé kí o kọjá jẹ́jẹ́, tàbí kí o dúró tì í kí ẹ jọ wò ó.

Lọ́dún kejì, àwọn ẹyẹ náà kò wá. Lọ́dún kẹta, wọ́n wá. Ojú Màmá ti fọ́ pátápátá nígbà náà. Ṣówándé pọ̀n ọ́n lọ síbẹ̀, ó gbé e lé àpótí. Gbogbo ìlú dúró yí i ká nínú omi, wọn kò mira, Adúnbárìn sì ń fi ìka kọ ohun tó ń rí sí i látẹ́lẹwọ́.

Ìgbà náà ni ará ìlú mìíràn kan ń tukọ̀ kọjá. Ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dúró gbagidi nínú omi, ó sì kígbe pé, "Ẹ kú ọjọ́ o, Ìdí-Ẹ̀gbà!"

Gbogbo wọn kò dáhùn. Ṣe ni wọ́n yí ojú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìka lẹ́nu. Ọ̀pá ìtukọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán wa ọkọ̀ délé, ó sì kéde pé gbogbo Ìdí-Ẹ̀gbà ti kú ní ìdúró, Ọlọ́jà wọn ló sì ṣíwájú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìlú mẹ́rin kó ṣọ́bìrì àti aṣọ òkú wá. Wọ́n yí igi ẹ̀gbà ká.

Wọ́n dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí àgbà kan létí ọ̀sà tí kò mọ òwe náà. Bí ẹ bá rí ẹni tó gbé ọkàn lé ohun kan tí kò gbọdọ̀ sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ má pè é, ẹ má bi í ní nǹkan, ẹ má gbẹ́ ibojì fún un. Ẹni tó ń wo ẹyẹ, a kì í kí i.